Agbẹ́jọ́ Ẹnìkan Dá: Ìjábọ̀ Lórí Àwọn Ìwé Ogun Abẹ́lé Wa

Ojú ìwé tí a sábà máa ń fi sọ ti ìkómọ, ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà ni Olóòtú yọ̀ǹda fún mi ní oṣù yìí. Ẹ má ṣe bínú pé ọ̀rọ̀ ogun ni mo gbé wá sí i. Ẹgbẹ́ ni ó rán mi, iṣẹ́ tí a bá sì rán ni là ń jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìpàdé wa ní oṣù méjì sẹ́yìn yóò rántí bí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tí ó ń kàwé ní yunifásítì gbé àpótí ìwé kan wá fún yàrá ìkàwé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí fún àwọn ọmọdé nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Gbogbo ènìyàn ń pàtẹ́wọ́, títí àgbà wa kan fi na ọwọ́ sínú àpótí tí ó sì fa ìwé Chinua Achebe yọ, èyí tí ń jẹ́ There Was a Country. Bàbá ní ìwé tí ó bú Awólọ́wọ̀ kò ní wọ gbọ̀ngàn ọmọ Yorùbá níṣojú òun. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ṣé ẹ ti kà á?" Bàbá ní òun kò ní láti jẹ májèlé tán kí òun tó mọ̀ pé májèlé ni. Ni ariwo bá sọ. Nígbà tí alága fi agogo pa ariwo náà tán, wọ́n pinnu pé kí Igbákejì Akọ̀wé kó àwọn ìwé náà lọ sílé, kí ó kà wọ́n, kí ó sì wá jábọ̀.

Èmi ni Igbákejì Akọ̀wé náà. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, akọ̀wé rélùwéè sì ni mí. Ohun tí ojú mi mọ́ jù ni ìwé ẹrù àti ìwé tíkẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n mo ní díkíṣọ́nnárì, mo sì ní àsìkò lálẹ́. Ohun tí mo rí nìyí.

Kí n kọ́kọ́ rán àwọn ọ̀dọ́ wa létí bí ogun náà ti dé, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lásán ni. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1966, àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gá sọ́jà kan dìtẹ̀ mọ́ ìjọba. Wọ́n pa Abubakar Tafawa Balewa, Olórí Ìjọba. Wọ́n pa Sardauna Ahmadu Bello ní Kàdúná. Wọ́n pa Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ní Ìbàdàn. Wọ́n pa àwọn ọ̀gá sọ́jà pẹ̀lú, tí Samuel Adémúlẹ́gun, ọmọ Yorùbá, wà nínú wọn, òun àti aya rẹ̀, ní Kàdúná. Nítorí pé Ìgbò ni ó pọ̀ jù nínú àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ ará Àríwá ka gbogbo ẹ̀yà Ìgbò sí ẹlẹ́bi. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje, àwọn sọ́jà ará Àríwá gbẹ̀san. Wọ́n pa Aguiyi-Ironsi tí ó jẹ́ Olórí Ìjọba, àti Adékúnlé Fájuyì ọmọ Adó-Èkìtì, gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, tí ó gbà á lálejò ní Ìbàdàn. Láàrin ọdún kan náà, wọ́n pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún Ìgbò àti àwọn ará Ìlà-Oòrùn mìíràn ní àwọn ìlú Àríwá. Àwọn tí ó kù sá lọ sílé.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, Odumegwu Ojukwu kéde pé Ìlà-Oòrùn ti di orílẹ̀-èdè tirẹ̀, tí a ń pè ní Biafra. Ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún náà, kò sì dákẹ́ títí di oṣù Kìíní ọdún 1970. Lórí iye tí ó kú, àwọn òpìtàn kò fohùn ṣọ̀kan: àwọn kan ní 500,000, àwọn kan ní 3,000,000. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé àwọn tí ebi àti àìsàn pa pọ̀ ju àwọn tí ìbọn pa lọ, àwọn ọmọdé sì ni ó jìyà rẹ̀ jù.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a bọ́ sórí ìwé tí ó dá ìjà sílẹ̀. Ọdún 2012 ni Achebe gbé e jáde, kò sì pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí ó fi jáde láyé. Òótọ́ ni ohun tí Bàbá sọ pé ó kan Awólọ́wọ̀ lábùkù. Nígbà ogun, Awólọ́wọ̀ ni ó ń bójú tó owó ìjọba àpapọ̀. Achebe kọ ọ́ pé ó fọwọ́ sí fífi ebi ja ogun, nítorí ipò àti agbára fún ara rẹ̀ àti fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó sì mẹ́nu ba ogún pọ́n-ùn tí wọ́n fún ẹni tí ó ní owó ní báńkì ní ilẹ̀ Biafra lẹ́yìn ogun, iye yòówù kí ó ti ní níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun ọmọ Yorùbá, ó sì dun èmi náà. Mo pa ìwé náà dé fún ọjọ́ méjì kí n tó tún un ṣí.

Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo tún un ṣí ni mo rí i pé apá kan péré ni ìyẹn jẹ́ nínú ìwé ńlá náà. Achebe ròyìn bí òun ti ń gbé ní Èkó, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba, tí ó sì gbé ìwé ìtàn àròsọ kan jáde, A Man of the People, ní oṣù Kìíní ọdún 1966 gan-an. Ìdìtẹ̀ àwọn sọ́jà ni ìtàn náà parí sí. Nígbà tí ìdìtẹ̀ sì ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, àwọn kan ní ó gbọ́dọ̀ ti mọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn sọ́jà ń wá a kiri, ó di dandan kí òun, aya àti ọmọ rẹ̀ sá kúrò ní Èkó. Ó ròyìn bí bọ́ǹbù ti wó ilé rẹ̀ ní Ẹnúgu, àti bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Christopher Okigbo, akéwì pàtàkì, ṣe wọṣẹ́ sọ́jà tí ó sì kú lójú ogun ní ìhà Nsukka ní ọdún 1967. Ìwé tí ọkùnrin kan fi sọkún òkú rẹ̀ ni. Ẹni tí ń sọkún a máa sọ̀rọ̀ tí ó le. A kò sì ní tìtorí pé ó ń sọkún kí a gba gbogbo ohun tí ó sọ.

Ní ti ọ̀rọ̀ Awólọ́wọ̀, ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé òun náà fèsì, ó sì pẹ́ tí ó ti fèsì kí ìwé Achebe tó jáde. Ní ọdún 1983, nígbà tí ó ń polongo ìbò, wọ́n bi í ní ìbéèrè náà ní gbangba. Ó ní òun lọ wo àwọn ìlú tí ìjọba àpapọ̀ ti gbà padà, òun sì rí i pé oúnjẹ tí wọ́n ń kó lọ fún àwọn aláìní, àwọn sọ́jà Biafra ni wọ́n ń gbà á jẹ. Ìdí nìyẹn tí òun fi ní kí wọ́n dá a dúró, kí ogun lè tètè parí. Bí ìdáhùn náà bá tó, bí kò sì tó, kí olúkúlùkù gbà á rò. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tí ó ka Achebe láìgbọ́ Awólọ́wọ̀, ìdajì ni ó gbọ́. Ẹni tí ó sì ń gbèjà Awólọ́wọ̀ láìka Achebe, ìdajì ni òun náà gbọ́. Àwọn baba wa ti wí tẹ́lẹ̀ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ìwé kejì tí mo kà ni ti Chimamanda Ngozi Adichie, Half of a Yellow Sun, tí ó jáde ní 2006. Ìdajì oòrùn aláwọ̀ ìyeyè tí ó wà lára àsíá Biafra ni ó fi sọ ìwé náà lórúkọ. Ọdún 1977 ni wọ́n bí obìnrin yìí, ogun ti parí láti ọdún méje. Ṣùgbọ́n bàbá tí ó bí bàbá rẹ̀ àti bàbá tí ó bí ìyá rẹ̀ ni ogun náà gbé lọ. Ìtàn ọmọ ọ̀dọ̀ kan ni, Ugwu, tí ó wá láti abúlé láti ṣiṣẹ́ nílé olùkọ́ yunifásítì kan ní Nsukka. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni Ugwu, gbogbo òǹkàwé ni yóò fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí ogun le, wọ́n fi ipá mú un wọṣẹ́ sọ́jà, òun náà sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ hùwà ìkà sí ọmọbìnrin kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún òǹkọ̀wé náà níbẹ̀. Àwọn ènìyàn tirẹ̀ ni ó ń kọ ìtàn wọn, kò sì bo àṣìṣe wọn.

Ibì kan wà nínú ìwé náà tí n kò lè kà kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Olanna, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin inú ìtàn, wà ní Kánò nígbà tí wọ́n pa àwọn ẹbí rẹ̀. Ó bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin tí ń lọ sí Ìlà-Oòrùn, èrò há mọ́ra bí ẹja inú agolo. Obìnrin kan tí ó jókòó tì í gbé igbá kan lé ẹsẹ̀, ó ṣí i, ó ní kí ó wò ó. Orí ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú irun tí ìyá náà dì fún un.

Ẹ̀yin ará mi, ìwé ìtàn àròsọ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà rélùwéè mọ̀ pé ọkọ̀ tí ó bá ti Kánò lọ sí Ẹnúgu, Zaria ni yóò gbà, yóò dé Kàdúná, yóò sì gba ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ní Kafanchan kọjá kí ó tó forí lé Mákúrdì. Téṣàn wa yìí ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbà kọjá ní ọdún 1966. Àwọn bàbá wa tí ń ta búrẹ́dì àti obì ní ẹ̀gbẹ́ ojú irin nígbà náà, wọ́n rí ojú àwọn èrò náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Àríwá nígbà náà ni ó jẹ́ Ìgbò, akọ̀wé bí tèmi. Àwọn náà bọ́ sínú ọkọ̀, wọ́n lọ. Mo wo tábìlì tí mo fi ń kọ̀wé, mo sì bi ara mi pé ta ni ó ń lò ó ní ọdún náà.

Ẹnìkan lè ní Ìgbò nìkan ni ó ń sọ tirẹ̀. Ó tì o. Ìwé kẹta jẹ́ ti ọmọ tiwa, Wọlé Ṣóyínká, The Man Died, tí ó jáde ní 1972. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967, Ṣóyínká lọ sí Ìlà-Oòrùn láti rí Ojukwu. Kò fara mọ́ pípín orílẹ̀-èdè, kò sì fara mọ́ ogun jíjà. Ó ń wá ọ̀nà kẹta. Ìjọba àpapọ̀ mú un, wọn kò gbé e lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì tì í mọ́lé títí di oṣù Kẹwàá ọdún 1969. Púpọ̀ nínú àkókò náà ni ó fi dá nìkan wà nínú ẹ̀wọ̀n Kàdúná, níbí tí kò jìnnà sí wa. Wọn kò fún un ní ìwé ìkọ̀wé, ó ń kọ ọ̀rọ̀ sí àárín ìlà àwọn ìwé tí ó bá rí gbà. Ọkùnrin kan náà ni ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1986. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún ọmọ yín pé gbogbo Yorùbá ni ó fọwọ́ sí ogun náà, ẹ fún un ní ìwé yìí. Bí ẹlòmíràn bá sì sọ pé Yorùbá kò dá sí i rárá, ẹ jẹ́ kí ó rántí pé Victor Bánjọ, ọmọ Yorùbá, ni ó ṣáájú àwọn sọ́jà Biafra wọ Ààrin-Gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967, tí wọ́n dé Ọ̀rẹ̀, ilẹ̀ Oǹdó. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, àwọn Biafra kan náà pa á ní Ẹnúgu, wọ́n ní ó dìtẹ̀.

Mo tún ka ìwé àwọn ọ̀gá sọ́jà. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ kọ My Command ní 1980. Òun ni ó gba ìjòyè ẹgbẹ́ ọmọ ogun Marine Commando Kẹta lọ́wọ́ Benjamin Adékúnlé ní 1969, tí ó sì wà nípò náà títí ogun fi parí. Ní ọdún 1980 kan náà, Alexander Madiebo, ọ̀gá àgbà àwọn sọ́jà Biafra, gbé tirẹ̀ jáde. Èèyàn yóò rò pé àwọn méjèèjì nìkan ni yóò máa ta ko ara wọn. Àmọ́ ní 2013, Godwin Alabi-Isama, tí òun àti Ọbásanjọ́ jọ wà ní apá kan náà, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan náà, kọ ìwé gbàǹgbà kan, The Tragedy of Victory, pẹ̀lú àwòrán rẹpẹtẹ, láti fi sọ pé ọ̀nà tí Ọbásanjọ́ gbà sọ ọ́ kọ́ ni ó gbà ṣẹlẹ̀. Bí àwọn tí ó jọ jẹun nínú àwo kan kò bá fẹnu kò lórí ohun tí wọ́n jẹ, ta ni àwa tí a kò sí níbẹ̀ láti máa búra?

Ní ti Adékúnlé tí mo dárúkọ yìí, ọmọ àjèjì bí tiwa ni. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, Bachama ni ìyá rẹ̀, Kàdúná ni wọ́n sì bí i sí ní 1936. Àwọn kan ń yìn ín títí di òní, àwọn kan ń bú u. Wọ́n tẹ àwọn lẹ́tà rẹ̀ jáde ní 2004, kí ẹni tí ó fẹ́ lè gbọ́ ti ẹnu òun náà.

Àwọn kan wà tí ìyà wọn kì í hàn nígbà tí a bá ń pín ogun náà sí Ìgbò, Haúsá àti Yorùbá. Elechi Amadi jẹ́ Ikwerre, láti ìtòsí Pọ́tákọ́ọ̀tù. Inú Biafra ni ìlú rẹ̀ bọ́ sí, láìsí pé ẹnìkan bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́. Wọ́n tì í mọ́lé níbẹ̀. Ó ròyìn rẹ̀ nínú Sunset in Biafra ní 1973. Ken Saro-Wiwa, ọmọ Ogoni, kọ Sozaboy ní 1985, ní irú Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ tí kò kàwé púpọ̀ ń sọ, èyí tí òun tìkára rẹ̀ pè ní Gẹ̀ẹ́sì jíjẹrà. Ọmọ ẹ̀yìn awakọ̀ ni Mene inú ìwé náà. Ó wọṣẹ́ sọ́jà nítorí kí ìyàwó rẹ̀ tuntun lè fi í yangàn. Kò mọ ẹni tí ó ń bá jà, kò mọ ohun tí ó fa ìjà. Ó jà ní apá kan, ó bá ara rẹ̀ ní apá kejì. Nígbà tí ó délé, bọ́ǹbù ti pa ìyá àti aya rẹ̀, àwọn ará ìlú sì ń sá fún un pé iwin ni. N kò lo díkíṣọ́nnárì fún ìwé yẹn, ẹkún ni mo fi kà á.

Flora Nwapa, obìnrin Oguta, kọ Never Again ní 1975. Nínú rẹ̀, àwọn àgbààgbà ìlú ń búra ní ìpàdé pé ọ̀tá kò ní wọ ìlú àwọn láéláé. Ẹni tí ó bá ní kí a di ẹrù, ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ tí ọ̀tá dé, àwọn tí ó ń búra ni ó kọ́kọ́ sá. Isidore Okpewho sì kọ The Last Duty ní 1976. Ìlú kan ní ààlà ogun ni ó fi ṣe ìtàn náà. Ọkùnrin ọlọ́lá kan fi ẹjọ́ èké sun orogún òwò rẹ̀, wọ́n tì í mọ́lé, ọlọ́lá náà sì ń fi oúnjẹ tan aya ẹni ẹlẹ́ni. Òǹkọ̀wé náà kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ó jẹ́ kí olúkúlùkù wọn sọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, àti ọlọ́lá, àti aya, àti ọmọ kékeré inú ilé, kí òǹkàwé jókòó bí adájọ́. Bí ẹ bá ní kí n mú ìwé kan ṣoṣo nínú àpótí náà fún ẹgbẹ́, òun ni n óò mú.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni èyí. Àwa Yorùbá náà ti ja ogun abẹ́lé tiwa. A ja ti Ìjàyè, a ja Kírìjì, ọmọ ìyá ń ta ọmọ ìyá. Samuel Johnson, àlùfáà Ọ̀yọ́, wà lára àwọn tí wọ́n ń rán láàrin Ìbàdàn àti Èkìtì láti bẹ̀bẹ̀ fún àlàáfíà. Ó rí i pé àwọn àgbà tí ó mọ ìtàn ń kú lọ, ó sì kọ ìwé ìtàn Yorùbá, ó parí rẹ̀ ní 1897. Ó fi í ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé ní Ìlú Ọba, ìwé náà sọnù. Johnson kú ní 1901, kò fojú rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àwọn àjákù tí ó kù, ó sì jáde ní 1921. Títí di òní, àwọn ará Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti Èkìtì ń sọ pé ojú Ọ̀yọ́ ni ó fi wo ogun náà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó kọ ọ́ ni wọ́n ṣe rí ohun tí wọn yóò bá jiyàn. Ẹjọ́ tí a kò kọ sílẹ̀, ẹni tí ohùn rẹ̀ le jù ní í jàre rẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe jábọ̀ ní ìpàdé oṣù tí ó kọjá. Nígbà tí mo jókòó, gbọ̀ngàn dákẹ́. Àgbà wa tí ó lòdì sí ìwé Achebe ni ó dìde. Mo rò pé yóò bá mi wí. Ohun tí ó sọ nìyí, mo sì ti gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ ọ́, bí n kò bá ti dárúkọ rẹ̀.

Ó ní gbogbo wa ni a mọ ìtàn tí òun máa ń sọ, pé ní ọdún 1966, nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, bàbá òun fi télọ̀ kan tí ó jẹ́ Ìgbò pamọ́, òun àti aya rẹ̀, sínú yàrá tí wọ́n ń kó iṣu sí, fún ọjọ́ mẹ́ta. Pé ní òru ọjọ́ kẹta, bàbá òun wọ agbádá, ó mú wọn dé téṣàn, ó sì dúró títí ọkọ̀ fi gbéra. Òótọ́ ni, a mọ ìtàn náà. Bàbá ti sọ ọ́ níbi ìkómọ, ó ti sọ ọ́ níbi òkú.

Ó ní, "Ìdajì ni mo ń sọ fún yín láti ọjọ́ yìí." Ó ní télọ̀ náà fi máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá òun. Bàbá òun ní kí ó máa lọ, pé yóò wá bá a. Ní ọdún 1968 owó kò sí, wọ́n fẹ́ lé òun kúrò nílé ẹ̀kọ́. Bàbá òun ta máṣíìnì náà, ó sì fi owó rẹ̀ san owó ilé ẹ̀kọ́ òun. Ní ọdún 1970, télọ̀ náà padà wá, ó ti rù kan egungun, kò sì mú aya rẹ̀ wá. Bàbá òun sọ fún un pé olè gbé máṣíìnì náà. Ọkùnrin náà wò wọ́n títí. Ó ní kò burú, pé ẹ̀mí tí wọ́n gbà là ju máṣíìnì lọ. Ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Bàbá ní, "Ó mọ̀. Mo wà níbẹ̀, mo rí ojú rẹ̀. Ó mọ̀ pé irọ́ ni." Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Owó náà ni mo fi kàwé. Òun ni mo fi di ẹni tí ẹ ń pè ní àgbà yìí."

Kò sí ẹni tí ó fọhùn. Lẹ́yìn náà ni Bàbá ní kí a gbé ìwé Achebe sínú yàrá ìkàwé, ṣùgbọ́n kí a kọ èsì Awólọ́wọ̀ sínú ìwé pélébé kan, kí a fi tì í, nítorí òun ṣì gbà pé Achebe ṣi Awólọ́wọ̀ lọ́wọ́ òṣùwọ̀n. Ìyá Ẹgbẹ́ ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ. Gbogbo ilé sì fọwọ́ sí i.

Ìpinnu kejì tí a ṣe ni èyí tí mo fi ń bẹ̀ yín. Púpọ̀ nínú àwọn ìwé ogun náà, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ wọ́n, àwọn olùkọ́ yunifásítì, ọ̀gá sọ́jà àti òǹkọ̀wé ńlá ni ó sì kọ wọ́n. Ohun tí ojú àwọn bàbá àti ìyá wa rí ní téṣàn yìí, ní ọjà yìí, ní àgbàlá tí wọ́n jọ ń gbé pẹ̀lú Ìgbò àti Haúsá, kò sí nínú ọ̀kankan tí mo kà. Ẹgbẹ́ ti ra ìwé gígùn kan. Ní ọ̀sán gbogbo ọjọ́ Àìkú, láti aago mẹ́rin, èmi àti ọmọ wa tí ó gbé àpótí ìwé wá yóò máa jókòó ní gbọ̀ngàn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rántí ọdún wọ̀nyẹn, tàbí tí òbí rẹ̀ sọ fún un, kí ó wá sọ ọ́ ní Yorùbá, a óò kọ ọ́ bí ó ti sọ ọ́. Ẹni tí kò bá lè rìn, kí ó ránṣẹ́, a óò wá sílé. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí a kọ orúkọ rẹ̀, a kò ní kọ ọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín fún. Àjèjì ni wá ní ìlú yìí, bí télọ̀ náà ti jẹ́ àjèjì. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tí ó ń gbé lẹ́yìn odi. Nítorí náà, bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ má ṣe mú ìdajì tí ó dùn nìkan wá. Ẹ mú ti máṣíìnì náà pẹ̀lú.

Títí di àkókò tí mo ń kọ̀wé yìí, ẹni méje ti wá. Bàbá ni ó kọ́kọ́ wá. Ó sì sọ orúkọ télọ̀ náà fún wa, ó ní kí a kọ ìyẹn sínú ìwé gígùn náà gàdàgbà, bóyá ọmọ rẹ̀ kan yóò gba ibí kọjá lọ́jọ́ kan.

Kí Olódùmarè má ṣe jẹ́ kí a tún rí irú rẹ̀ mọ́.